Orí Keje: Bí Gbòǹgbò Ṣe Ń Dènà Fáírọ́ọ̀sì Inú Ilẹ̀

Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí mọ àrùn mòsáíkì. Ewé á ká kò, á kéré, àwọ̀ ìyeyè á sì gba ojú rẹ̀ kan. Eṣinṣin funfun ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì àrùn náà láti ewé dé ewé, àgbẹ̀ sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí eṣinṣin ọ̀hún. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tí orí yìí dá lé kò gba òkè wá. Inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibùgbé, ara gbòǹgbò ni wọ́n ń gbà wọlé, ìgbà tí ewé bá sì fi máa pọ́n, ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ti pẹ́.

Kò sí oògùn tí a lè fín tàbí tí a lè dà sí ìdí ọ̀gbìn kó wo fáírọ́ọ̀sì sàn lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti orí ewé, a lè pa kòkòrò tó ń gbé e kiri. Ti inú ilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà kan, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń fín gáàsì methyl bromide sínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin nǹkan. Gáàsì náà wà lára àwọn ohun tí Àdéhùn Montreal ní kí gbogbo ayé pa tì, nítorí ó ń ba òzóònù ojú ọ̀run jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ dọwọ́ ọ̀gbìn fúnra rẹ̀: kí ni gbòǹgbò lè ṣe, níbo ló sì ti lè ṣe é?

Ẹ̀dá tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìrù, kò sì lè dá ihò lu sára ògiri sẹ́ẹ̀lì ọ̀gbìn. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbé e wọlé. Nínú ilẹ̀, irú ẹ̀dá mẹ́ta ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èkíní ni àwọn aràn tín-ín-tín tí à ń pè ní nẹ́mátóòdù. Ní 1958, Hewitt, Raski àti Goheen fi hàn ní Kalifóníà pé nẹ́mátóòdù Xiphinema index ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń ba àjàrà jẹ́ láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Èkejì ni Olpidium, olú tín-ín-tín kan tó ń gba inú omi ilẹ̀ dé ara gbòǹgbò. Ẹ̀kẹta ni Polymyxa, òun la ó sì fara balẹ̀ lé lórí, nítorí pé òun ló wà nídìí àrùn bíìtì, ọkà báálì, àlìkámà, ìrẹsì àti ẹ̀pà tí a ó dárúkọ nínú orí yìí.

Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ló pe Polymyxa ní olú. Àyẹ̀wò jíìnì ti fi hàn pé kì í ṣe ìbátan olú rárá. Inú gbòǹgbò tó wà láàyè nìkan ló ti lè dàgbà, ìpalára tí òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe fún ọ̀gbìn kò tó nǹkan. Bí kò bá sí fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, àgbẹ̀ lè máà mọ̀ láéláé pé ó wà lóko òun.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí gbòǹgbò bá kú tó sì jẹrà, Polymyxa á fi àwọn hóró ìsinmi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, tí èèpo wọn nípọn, tí wọ́n ṣù jọ bí èso àgbáyun. Ọ̀dá kò ní pa wọ́n, òtútù kò ní pa wọ́n. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún 15 lọ. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ rin, tí gbòǹgbò tuntun sì ń bọ̀ nítòsí, hóró ìsinmi á là, ẹ̀dá oníìrù méjì á jáde nínú rẹ̀, á sì máa wẹ̀ nínú omi tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀. Tó bá kan irun gbòǹgbò, á lẹ̀ mọ́ ọn, á ká ìrù rẹ̀ kò, á sì yọ ohun kan tó mú ṣóńṣó láti fi gún ògiri sẹ́ẹ̀lì náà. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á tú wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú nínú èyí ni pé inú hóró ìsinmi gan-an ni fáírọ́ọ̀sì náà ń sùn. Ìdí nìyí tí fífi oko sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó jẹ́ ìmọ̀ràn tó dára fún ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn, kò fi tó nǹkan fún èyí. Àgbẹ̀ lè jogún fáírọ́ọ̀sì mọ́ ilẹ̀. Ó sì lè fi táyà katakata, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ tàbí omi ìbomirin gbé e lọ sí oko aládùúgbò rẹ̀ láìmọ̀.

Bíìtì oníṣúgà: ibi tí ìmọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù

Àwa níbí mọ ìrèké. Ní Yúróòpù, bíìtì ni wọ́n ń gbìn fún ṣúgà. Ní 1747, Andreas Marggraf fi hàn ní ìlú Berlin pé ṣúgà inú bíìtì àti ti inú ìrèké kò yàtọ̀ síra. Lónìí, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣúgà tí ayé ń ṣe ló ń ti ara bíìtì wá. Gbòǹgbò ńlá tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ ni wọ́n ń hú fún ṣúgà, nítorí náà, ohun tó bá ba gbòǹgbò yẹn jẹ́ ti ba gbogbo òwò jẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1950, àwọn àgbẹ̀ Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í hú bíìtì tó rí bí ohun tí wọn kò rí rí. Gbòǹgbò ńlá náà ti rán, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, àìmọye gbòǹgbò kéékèèké sì bò ó bí irùngbọ̀n. Bí a bá la gbòǹgbò náà sí méjì, àwọn iṣan inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ní 1959, onímọ̀ kan ní Ítálì, Canova, pe àrùn náà ní rizomania, ìyẹn wèrè gbòǹgbò. Ìgbà tó di 1973 ni Tamada àti Baba, ní Japáànù, tó dá fáírọ́ọ̀sì tó wà nídìí rẹ̀ mọ̀. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ni Beet necrotic yellow vein virus, BNYVV ni a ó sì máa pè é. Níbi tí ó bá ti le, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ṣúgà tí àgbẹ̀ ń retí lè lọ.

BNYVV kò kó ogún rẹ̀ sójú kan. Ó pín in sí ẹ̀ka RNA mẹ́rin, níbòmíràn márùn-ún, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. RNA kìíní ń ṣe ẹ̀dà fáírọ́ọ̀sì. Ìkejì ló ní èèpo tó ń bo fáírọ́ọ̀sì, òun ló sì ní àwọn púrótéènì tó ń gbé e láti sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn. Ìkẹrin ń ràn án lọ́wọ́ kí Polymyxa lè gbé e. Ìkẹta ló ń dá wèrè sílẹ̀: púrótéènì rẹ̀ tí à ń pè ní P25 ń ta gìgìsẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ auxin, họ́mónù tó ń sọ fún gbòǹgbò ibi tí yóò ti yọ ẹ̀ka. Gbòǹgbò kéékèèké tó pọ̀ jù wúlò fún Polymyxa, nítorí irun gbòǹgbò tuntun ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀gbìn ń fi agbára ara rẹ̀ kọ́ ilé fún ẹni tó ń pa á.

Níbo ni ọ̀nà ti lè dí?

Kí fáírọ́ọ̀sì tó lè ba ọ̀gbìn jẹ́, ó gbọ́dọ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì, kí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì ka RNA rẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, kí ó ti ibẹ̀ bọ́ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn, kí ó sì bá iṣan gòkè lọ sí ewé. Ọ̀gbìn tó bá lè dí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yìí ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn, yálà pátápátá tàbí díẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí gbòǹgbò kọ Polymyxa fúnra rẹ̀. Àwọn ìbátan bíìtì inú igbó kan, bí Beta patellaris, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìbátan wọn ti jìnnà. Bí a bá mú wọn gùn pẹ̀lú bíìtì oko, ọmọ tí wọ́n bá bí sábà máa ń yàgàn. Bíìtì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn lónìí ń gba Polymyxa láyè. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń dènà.

Ọ̀nà kejì wà ní ara ọkà báálì, ó sì jẹ́ ọ̀kan tí mo fẹ́ràn láti kọ́ni nítorí pé kò sí ìjà nínú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan tí Polymyxa graminis ń gbé, Barley yellow mosaic virus, ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní Japáànù ní 1940. Ní 1978, wọ́n rí i ní Jámánì. Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè ka RNA fáírọ́ọ̀sì yìí, púrótéènì tó wà ní orí RNA náà gbọ́dọ̀ di púrótéènì ọ̀gbìn kan tó ń jẹ́ eIF4E mú. Iṣẹ́ eIF4E nínú ara ọkà ni pé kí ó bá ẹ̀rọ tó ń ka RNA ọkà fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kàn ń fi tipátipá yá a lò ni. Àwọn ọkà báálì kan wà tí eIF4E wọn yí padà díẹ̀. Ọkà ṣì ń rí i lò, fáírọ́ọ̀sì kò rí i dì mú mọ́. Jíìnì yìí ni wọ́n ń pè ní rym4, tí wọ́n rí lára irú àbáláyé kan, Ragusa, láti etí òkun Dalmatia, àti rym5, láti ara Mokusekko 3 ti ilẹ̀ Ṣáínà. Jíìnì kan náà ni rym4 àti rym5, ọ̀nà tí ó gbà yí padà ló yàtọ̀.

Nítorí pé àìsí ohun tí fáírọ́ọ̀sì nílò ló ń gba ọkà là, ẹ̀dà méjèèjì jíìnì náà ló gbọ́dọ̀ yí padà. Bí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá ṣì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á rí ohun tí yóò yá. Bí a bá mú ọkà tó ní rym4 gùn pẹ̀lú èyí tí kò ní, gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ ló máa kó àrùn. Nínú ọmọ ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa bọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka orí lórí Mendel yóò rí i pé òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbí.

Ti bíìtì yàtọ̀. Ní 1983, ní Kalifóníà, wọ́n rí bíìtì díẹ̀ tó ń dàgbà dáadáa láàárín oko tí wèrè gbòǹgbò ti kọ lù, nínú irúgbìn ilé-iṣẹ́ Holly. Lewellen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò wọn, wọ́n sì rí i pé jíìnì kan ṣoṣo ló ń dáàbò bò wọ́n, ẹ̀dà kan rẹ̀ sì tó. Rz1 ni wọ́n pè é. Bíìtì tó ní Rz1 kì í sọ fáírọ́ọ̀sì di asán. Bí a bá yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, a ó ṣì rí BNYVV nínú gbòǹgbò kéékèèké, ṣùgbọ́n ó kéré, kì í sì í sábà dé inú gbòǹgbò ńlá tí ṣúgà wà.

Jíìnì kejì, Rz2, ti ara bíìtì igbó kan wá tó ń hù ní etí òkun Kalundborg ní Dẹ́ńmáàkì. Ní 2017, àwọn onímọ̀ rí ojúlówó jíìnì náà, èyí ni wọ́n sì fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Púrótéènì tó ń ṣe dà bí oníbodè tó mọ àpá ojú ọ̀tá kan: ó ń ṣọ́ púrótéènì TGB1, ọ̀kan nínú àwọn tí fáírọ́ọ̀sì ń lò láti kọjá láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì. Tó bá ti rí TGB1, ìdágìrì á bẹ̀rẹ̀. Irú jíìnì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó kó àrùn náà pa ara rẹ̀ kí ó má bàa kó ran aládùúgbò.

Àlìkámà tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Soil-borne wheat mosaic virus ti ń yọ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́nu láti 1919, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Illinois, McKinney ló sì fi hàn láàárín àwọn ọdún 1920 pé inú ilẹ̀ ni àrùn náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ irú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní adènà-àrùn ń kó fáírọ́ọ̀sì náà sí gbòǹgbò. Ewé wọn ni kò dé. Èrè ńlá ni fún àgbẹ̀, nítorí ewé ló ń ṣe oúnjẹ ọkà. Àmọ́ kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò má ṣe já ewé nìkan lọ sí yàrá àyẹ̀wò kó sì wá kéde pé oko mọ́. Gbòǹgbò irú ọkà bẹ́ẹ̀ lè máa dá fáírọ́ọ̀sì padà sínú ilẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀nà kan tún wà tí gbogbo ọ̀gbìn ní, jíìnì àkànṣe kò sì pọn dandan fún un. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, RNA rẹ̀ máa ń wà ní méjì-méjì. Ọ̀gbìn mọ̀ pé èyí kì í ṣe tirẹ̀, á gé e wẹ́wẹ́, á sì fi àwọn ègé náà ṣe ìtọ́ka láti wá RNA tó jọ ọ́ kí ó lè gé ìyẹn náà. Fáírọ́ọ̀sì mọ ètò yìí. BNYVV ní púrótéènì P14 tí kò ní iṣẹ́ tó tóbi ju pé kó di ètò náà lọ́wọ́. Ìwádìí kan ní Japáànù ní 2005, lórí ìbátan tábà kan tí wọ́n fi apá kan jíìnì BNYVV sí lára, rí i pé ètò gígé yìí kò lágbára nínú gbòǹgbò tó bó ṣe lágbára nínú ewé. Mo rò pé èyí ni ìdí kan tí a kò fi lè gbé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lára ewé lé gbòǹgbò lórí láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá yí ojú padà

RNA fáírọ́ọ̀sì kò ní alátúnṣe tó ń wo àṣìṣe nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀dà. Nínú oko kan ṣoṣo, àìmọye ẹ̀dà ló wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yàtọ̀ díẹ̀ síra. Bí gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò bá ń gbin bíìtì kan náà tó ní Rz1 lọ́dọọdún, ẹ̀dà tí Rz1 kò lè dí ọ̀nà rẹ̀ ni yóò máa rí àyè pọ̀ sí i. Láàárín 2002 sí 2003, ní àfonífojì Imperial ní Kalifóníà, bíìtì tó ní Rz1 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n ka púrótéènì P25 fáírọ́ọ̀sì ibẹ̀, ìyípadà wà láàárín ipò 67 sí 70. Ohun díẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ní Pithiviers, ní ilẹ̀ Faransé, irú kan tó ní RNA karùn-ún ti ń ṣe àwọn àgbẹ̀ níkà ju àwọn yòókù lọ. Ọkà báálì náà kò bọ́: láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni irú fáírọ́ọ̀sì kan ti ń borí rym4 ní Yúróòpù, nígbà tó sì yá, òmíràn borí rym5.

Àwọn tó ń bí irúgbìn wá ń kó Rz1 àti Rz2 pọ̀ sínú bíìtì kan. Fáírọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ borí irú bíìtì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí púrótéènì méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, TGB1 sì jẹ́ èyí tí kò rọrùn fún un láti yí padà, nítorí láìsí i, kò ní lè kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ wọ̀. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí ju kí a máa lé jíìnì kan dé ìkángun kó tó di pé a wá òmíràn.

Ìrẹsì àti ẹ̀pà lọ́dọ̀ wa

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Ìbátan BNYVV kan wà tó ń ba ìrẹsì jẹ́, Rice stripe necrosis virus. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i láàárín àwọn ọdún 1970. Ó ń fa ìlà pípọ́n sí ewé ìrẹsì, ó ń lọ́ ọ pọ̀, ó sì lè pa á nígbà tó ṣì kéré. Ní 1991, ó yọ ní Kòlóńbíà, ó sì ṣe àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i ní Burkina Faso, ní 2015 sì ni ìròyìn jáde pé ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, tó bá Nàìjíríà pààlà.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Kòlóńbíà wá ààbò kiri, ara ìrẹsì Áfíríkà, Oryza glaberrima, ni wọ́n ti rí i. Àwọn baba ńlá àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sọ ìrẹsì yìí di ti oko ní ẹ̀bá Odò Ọya, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé apá kan lórí kúrómósómù kọkànlá ìrẹsì yìí ló gbé ọ̀pọ̀ jù nínú ààbò náà, a sì lè gbé e bọ́ sí ara ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti pa Oryza glaberrima tì nítorí pé kì í so tó ti Éṣíà, hóró rẹ̀ sì máa ń tètè gbọ̀n dànù.

Ẹ̀pà ló le jù. Peanut clump virus wà láti Senegal dé Niger, Polymyxa graminis ló ń gbé e, ó sì tún lè bá irúgbìn ẹ̀pà lọ. Ní Íńdíà, wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀pà wò nítorí ìbátan fáírọ́ọ̀sì yìí, wọn kò sì rí èyí tó ní ààbò tó dájú láàárín àwọn tí à ń gbìn. Lára ìbátan ẹ̀pà inú igbó ni ìrètí wà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mú bíìtì tó ní ẹ̀dà Rz1 méjì gùn pẹ̀lú èyí tí kò ní rárá. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún ọkà báálì tó ní ẹ̀dà rym4 méjì. Ya tábìlì fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, kí o sì sọ ìdí tí ìdáhùn méjèèjì kò fi bára mu.

2. Àgbẹ̀ kan ra àlìkámà adènà-àrùn. Wọ́n yẹ ewé rẹ̀ wò, kò sí fáírọ́ọ̀sì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbin irú tí kò ní ààbò sórí ilẹ̀ kan náà, gbogbo rẹ̀ ṣàìsàn. Ṣàlàyé.

3. Bá àgbẹ̀ ìrẹsì tàbí ti ẹ̀pà kan ládùúgbò rẹ sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti wá àti ibi tí omi oko rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ya àwòrán oko náà, fi ọfà tọ́ka sí gbogbo ọ̀nà tí Polymyxa lè gbà dé ibẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.